Fáìlì tí mo ń pa rẹ́: ìrírí mi lórí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ń dákú ní ọ́fíìsì wa

Ní ọdún 2022, fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sí gbólóhùn tí mo gbọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, Abẹ́òkúta, ju "Ó ti tún dákú o" lọ. Èmi ni mo ń mójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà bí ogójì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé márùn-ún, àti server kan ṣoṣo tí gbogbo ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ti dákú, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí yóò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iná wà, bébà wà nínú ẹ̀rọ, tóònà kò tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ lẹ́tà kan kò ní jáde. Màá sáré dé ìdí server, màá rí i pé iṣẹ́ abẹ́nú Windows tí wọ́n ń pè ní Print Spooler ti dúró, màá tẹ Start, gbogbo nǹkan á sì tún máa lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìrọ̀rùn ìṣẹ́jú méjì yẹn gan-an ló jẹ́ kí n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n tó wá ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí Spooler jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ó wà. Bí ènìyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, ìwé náà kì í lọ tààrà sínú ẹ̀rọ. Spooler ni ó ń gbà á, tí ó ń tọ́jú rẹ̀ sórí díìsìkì, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ nígbà tó bá kàn án, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń to èrò sórí ìlà. Fódà tí ó ń kó wọn sí ni C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, fáìlì méjì-méjì ni ó sì sábà máa ń dá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí SPL ni ó gbé ìwé náà fúnra rẹ̀. Èyí tó parí sí SHD ni ó gbé ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bí orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, orúkọ ìwé náà, àti ẹ̀rọ tó ń lọ. Kí Spooler tó lè bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ èdè tó gbọ́, ó ní láti pe driver ẹ̀rọ náà wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n kọ driver náà, kì í ṣe àwọn tó ṣe Windows. Bí ènìyàn kò bá ṣètò rẹ̀ lọ́nà mìíràn, inú ilé kan náà ni gbogbo driver wọ̀nyí lè máa gbé, ìyẹn inú spoolsv.exe, ètò tí Spooler fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹsẹ̀ kọ, ilé ọ̀hún a wó lé gbogbo wọn lórí. Ìdí nìyẹn tí àrùn ẹ̀rọ kan fi lè pa ẹ̀rọ márùn-ún lẹ́nu mọ́.

Mo mọ èyí látinú ìwé kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, iná ni gbogbo wa dá lẹ́bi, ẹ̀bi náà sì rọrùn láti dá, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí a kì í bọ́ láti orí iná ìjọba sórí jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n inverter ló gbé server ró, ó sì di ọjọ́ kan tí iná kò ṣẹ́jú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Spooler sì dákú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Mo wo díìsìkì bóyá ó ti kún. Àyè pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fi odindi òru kan wá kòkòrò kọ̀ǹpútà kiri inú server. N kò rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni mo wá dé orí ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí yóò kọ́kọ́ sọ fún ènìyàn: dá Spooler dúró, pa gbogbo ohun tó wà nínú fódà PRINTERS rẹ́, kí o sì tún Spooler gbé dìde. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́. Bí iṣẹ́ kan tó ti bàjẹ́ bá wà níwájú ìlà, Spooler á tún gbé e bó bá ti jí, á sì tún dákú lórí rẹ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ náà kúrò, ìlà a tún máa lọ. Nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ọjọ́ mẹ́ta kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pè mí, mo sì rò pé ó parí. Mo kọ fáìlì bat, ìyẹn fáìlì tó ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ, oníìlà mẹ́ta, net stop spooler, ìlà tó ń pa fáìlì rẹ́, àti net start spooler, mo gbé e sí ojú server, mo sì fi han àbúrò tó ń ràn mí lọ́wọ́ kí ó lè máa lò ó bí n kò bá sí nítòsí. Kò tán síbẹ̀. Mo lọ sí abala tí wọ́n ń pè ní Recovery nínú ètò Spooler, mo sì pàṣẹ fún Windows pé bí ó bá dákú lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, àti lẹ́yìn ìyẹn, kí ó máa tún un gbé dìde fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìpè ti dínkù. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé dídákú kò dínkù rárá. Ẹni tó ń rí i nìkan ló dínkù.

Ọjọ́ tí èyí wá hàn ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Kẹrin. Màmá tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó ń tẹ ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ ti tẹ bí ogún jáde, ó sì dúró. Màmá kó ogún yẹn, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wá mi lọ. Kí a tó padà dé, Spooler ti jí fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pàṣẹ fún un, ó sì ti tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìwé àkọ́kọ́. Ìwé owó oṣù àwọn ènìyàn ń bọ́ sínú àwo ẹ̀rọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní gbangba, ọ̀gbẹ́ni kan tó wá gba lẹ́tà tirẹ̀ níbẹ̀ sì ti di díẹ̀ mú lọ́wọ́, ó ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú wọn. Ó rí iye tí ẹnìkejì rẹ̀ ń gbà. Èmi kò ní gbàgbé bí Màmá ṣe gba àwọn bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, tí ó dà wọ́n bojú délẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, tí ó sì ń rìn padà sí yàrá rẹ̀. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ owó yẹn kàn kò kí ara wọn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí mo wọlé láti bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ọmọ mi, ojoojúmọ́ lo ń sọ fún mi pé o ti tún un ṣe. Iye ìgbà tí o ti tún un ṣe ló wà níhìn-ín yìí." Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ìwé tó fi ń kọ owó àjọ. Iwájú rẹ̀ kún fún orúkọ àti iye owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yí i dé ẹ̀yìn, ọjọ́ àti aago ni ó wà níbẹ̀, wọ́n tò sórí ara wọn pẹ̀lú bírò búlúù, láti 22 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ náà. Ìgbà mẹ́rìnlá ni. Kò kọ ọ́ láti fi mú mi. Ó ní òun kọ ọ́ kí òun lè mọ ohun tí òun máa sọ bí ọ̀gá bá bi òun léèrè ìdí tí iṣẹ́ òun fi pẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n ya fọ́tò rẹ̀. Kí n tó kúrò ní yàrá rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ojú mi kò rí láti ọjọ́ yìí. Mẹ́tàlá nínú ìgbà mẹ́rìnlá náà ló bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọjọ́ Ẹtì. Ẹyọ kan tó kù bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ kejì rẹ̀, 15 oṣù Kẹrin, ni Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún náà, ọ́fíìsì kò sì ṣí. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ènìyàn kan, tàbí iṣẹ́ ẹnì kan, ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo jókòó ti server lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú fọ́tò ìwé àjọ Màmá níwájú mi, mo sì ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ti ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ó yẹ kí n ti ṣí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ní abala System, àkọsílẹ̀ onínọ́ńbà 7031 ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé Print Spooler kú lójijì, ó sì ń ka iye ìgbà. Ní abala Application, àkọsílẹ̀ onínọ́ńbà 1000 sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó dárúkọ spoolsv.exe gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣubú, ó sì dárúkọ fáìlì dll, ìyẹn apá kan lára ètò kọ̀ǹpútà, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ṣubú. Mo fi aago inú ìwé Màmá wé aago inú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bára mu, bí ẹ bá yọ ìṣẹ́jú díẹ̀ tí Màmá fi wá bírò. Orúkọ dll kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Mo tọ orúkọ náà dé fódà àwọn driver, mo sì bá a lábẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí tó ń tẹ̀wé tó tún ń ṣe ẹ̀dà ìwé.

Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, orúkọ dll yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó lè má jẹ́ òun gan-an ni ọ̀daràn, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá nídìí òkú kọ́ ló ń pa á ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń sọ àdúgbò tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ohun tó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé èmi fúnra mi ni mo gbé driver tuntun sórí server fún ẹ̀rọ ńlá yẹn ní àárín oṣù Kẹta, bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wà nínú ìwé Màmá.

N kò sáré yọ driver náà kúrò. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún sáré ṣe nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú: mo ṣí Print Management, mo tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí driver ẹ̀rọ ńlá náà, mo sì yàn Isolated fún un níbi tí wọ́n kọ Set Driver Isolation sí. Ètò yìí ti wà láti ìgbà Windows 7 àti Windows Server 2008 R2. Ó ń yọ driver kan kúrò nínú ilé tí gbogbo wọn ń gbé, ó ń fún un ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí ènìyàn á rí bíi PrintIsolationHost.exe láàárín àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí server. Bí ó bá ṣubú, inú yàrá rẹ̀ ni ó ṣubú sí, àwọn tó kù á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo tún yọ fáìlì bat náà kúrò lójú server fún ìgbà díẹ̀, mo sì sọ fún àbúrò mi pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí ó má ṣe pa nǹkan kan rẹ́, kí ó pè mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Kẹrin, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pè. Ó ní, "Bọ̀dá, òkè nìkan ló dúró. Ìsàlẹ̀ ń tẹ̀." Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn ju bí ẹni pé ó ní gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo ṣí fódà PRINTERS. Fáìlì méjì ló wà níbẹ̀, SPL kan àti SHD kan, aago kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Mo kó ẹ̀dà wọn sí fódà mìíràn. Lẹ́yìn náà ni mo fi Notepad ṣí ẹ̀dà SHD. Fáìlì tí a kò kọ fún ènìyàn láti kà ni. Àmì rúdurùdu ló kún ojú rẹ̀, àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké, àlàfo gbọọrọ. Mo rọra ń wò ó lọ sísàlẹ̀. Láàárín rúdurùdu yẹn ni mo ti rí lẹ́tà tí àlàfo wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń sípẹ́lì: orúkọ ẹ̀rọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúkọ ìwé kan, àti orúkọ tí ẹnì kan fi ń wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Mo jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Irú fáìlì yìí ni mo ti ń pa rẹ́ láti ọjọ́ yìí. Nígbàkúùgbà tí Spooler bá dákú lórí iṣẹ́ kan, orúkọ oníṣẹ́ náà lè wà nínú fódà yẹn, èmi a sì kọ́kọ́ gbá a dànù kí n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ olè ni mo ń fi ìgbálẹ̀ gbá, tí mo sì ń pe ìyẹn ní àtúnṣe.

Orúkọ náà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n kan tó ń ti ẹ̀ka wa ní Ìjẹ̀bú-Òde wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú laptop rẹ̀. Mo lọ bá a, mo kí i, mo sì fara balẹ̀ yan ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé kò yẹ kí àgbàlagbà gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé pé òun ló ń ba ọ́fíìsì jẹ́ láti ọjọ́ yìí, kì í sì í ṣe òótọ́ pàápàá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé yín máa ń jáde níhìn-ín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò jáde láti ìgbà tó ti pẹ́, pé òun rò pé ẹ̀rọ òkè náà ló ti gbó, òun a sì gbé e sínú flash lọ sí Panṣẹ́kẹ̀, òun a fi owó ara òun tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí wàhálà náà kọ́kọ́ kàn kò ráhùn rí, nítorí náà ni kò fi sí nínú ìròyìn kankan tí mo gbọ́.

Mo wo laptop rẹ̀. Driver ẹ̀rọ ńlá náà wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni, kì í ṣe èyí tí mo gbé sórí server. Nígbà tí mo ṣe ìyípadà ní oṣù Kẹta, mo tẹ̀lé e láti tábìlì dé tábìlì, mo fi páswọ́ọ̀dù alábòójútó gba driver tuntun sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ó pọn dandan bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Microsoft pàṣẹ nínú àtúnṣe Windows pé ẹni tí kì í ṣe alábòójútó kò gbọ́dọ̀ gba driver ìtẹ̀wé láti orí server mọ́, lẹ́yìn ihò ààbò tí wọ́n ń pè ní PrintNightmare. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ni mo kà. Laptop tó ń wá tó sì ń lọ kò sí nínú àkọsílẹ̀ mi, ẹni tó ni í kò sì ní àṣẹ láti gba driver náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ máa ń gbé ètò rẹ̀ dání, bí ìwọ̀n bébà, bóyá ojú kan tàbí ojú méjì, bóyá àwọ̀ wà nínú rẹ̀, driver ló sì ń kọ ètò náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Èyí tí ti àtijọ́ kọ lórí laptop, ti tuntun ló ń kà á lórí server.

Kí n má baà tún fi àbá lásán parí ọ̀rọ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí ó tún ìwé kan náà fi ránṣẹ́. Ó fi í ránṣẹ́, PrintIsolationHost.exe ṣubú lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú. Nígbà náà ni mo yọ driver àtijọ́ kúrò lórí laptop náà tọmọ-tìyá. Mo ní láti dá Spooler laptop náà dúró kí n sì tún un gbé dìde kí ó tó jọ̀wọ́ àwọn fáìlì rẹ̀. Mo gba ti tuntun sórí rẹ̀. A tún ìwé kan náà fi ránṣẹ́, ó jáde ní ojú méjì bí ó ṣe fẹ́ ẹ, bébà náà sì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gbé e. Ó ní, "Mo ti ń náwó ní Panṣẹ́kẹ̀ lásán nìyẹn."

Àbúrò mi dábàá pé kí a ṣí àṣẹ yẹn sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lè máa gba driver fúnra rẹ̀ láìní alábòójútó, kí irú èyí má baà tún ṣẹlẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nínú registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí, n kò sì ṣe é. Spooler ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ tó ga jù lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó bá wọlé gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè ṣe ohun tó bá wù ú níbẹ̀. Ìrìn àjò láti tábìlì dé tábìlì wù mí ju ìyẹn lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kọ orúkọ gbogbo laptop tó ń ti ẹ̀ka mìíràn wá sílẹ̀, mo fi driver ẹ̀rọ ńlá náà sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì tan àkọsílẹ̀ PrintService Operational lórí server, èyí tí kì í tàn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá tẹ̀ jáde pátápátá máa ń gba nọ́ńbà 307 níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni í àti iye ojú ìwé rẹ̀. Màmá ní tirẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo: kí a gbé ẹ̀rọ kékeré kan wọ inú yàrá òun fún ìwé owó oṣù, kí bébà náà má tún bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. A ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Mo dá fáìlì bat náà padà sí ojú server, nítorí pé ọjọ́ mìíràn lè wà tí a ó tún nílò rẹ̀. Ìlà mẹ́rin ló ní báyìí. Èyí tí mo fi kún un wà láàárín ìlà tó ń dá Spooler dúró àti ìlà tó ń pa fáìlì rẹ́: ó ń kó ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú PRINTERS sí fódà kan lórí díìsìkì kejì, ó sì ń fi ọjọ́ àti aago sọ fódà náà lórúkọ.